Ibi tí wàá ti gé ọ̀rọ̀ Dutch gbọọrọ-gbọọrọ yẹn

Àbúrò mi tó ní òun ò mọ ibi tóun á ti gé ọ̀rọ̀ Dutch tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tóun ò sì mọ ibi tóun á ti tẹ̀ ẹ́ (ìyẹn sílébù tó máa wúwo jù lẹ́nu), pẹ̀lẹ́ o, ojú mi rí i. Wíà-háòsì ni mo wà nígbà yẹn, wọ́n lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kọ BOMMELDING gàdàgbà sí i, èmi kà á ní bommel-ding torí mo ṣáà mọ̀ pé nǹkan ni "ding", mo wá ń bi òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ló ń jẹ́ bommel. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Bom-melding ni o! Ohun tá a máa ṣe tẹ́nì kan bá pè pé bọ́ǹbù wà nílé ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ojú oríkèé ni kó o ti gé e, níbi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Val-kuil ni kòtò tí wọ́n fi ń dẹ ẹran, tó o bá gé e ní valk-uil, àṣá àti òwìwí lo kó pọ̀ yẹn.

Ẹnu àwa Yorùbá gan-an ló ń dà wá láàmú, torí kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù tiwa, a máa wọ́ ọ lọ bá fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ni. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń pe tandarts (dókítà eyín) ní tan-daats. Tand dá dúró, d ìparí ẹ̀ sì ń dún bíi t: tant-arts.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀: ZIEkenhuis (ọsibítù), VOETbal (bọ́ọ̀lù), HUISdeur (ilẹ̀kùn ilé), ibi tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ ni wọ́n tẹ̀. Mo fayọ̀ gba èyí, mo dé káńtà kan mo ní STADhuis (ilé ìjọba ìlú), obìnrin tó wà níbẹ̀ kàn ń wò mí ni. StadHUIS ni. BoerenKOOL (ẹ̀fọ́ kan) náà, nieuwJAAR (ọdún tuntun) náà. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, há a sórí.

Má sì rò pé ohùn òkè wa yẹn ti tó láti fi tẹ̀ ẹ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ohùn ló yàtọ̀, kò sí sílébù tó wúwo ju èkejì lọ, àmọ́ tiwọn, èyí tí wọ́n tẹ̀ máa gùn, á rinlẹ̀, wọ́n á wá gbé ìyókù mì, "ken" inú ziekenhuis yẹn, díẹ̀ ló kù kó má dún rárá. Woordenlijst.org máa fi ibi tí wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ hàn ẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ti títẹ̀ yẹn, rédíò ni mo fi kọ́ ọ, mo máa ń lu tábìlì tẹ̀ lé wọn, ìyàwó mi rò pé mo ti ń ya wèrè.