Ẹ Bi Àǹtí Léèrè: Ṣé Ká Kó Àwọn Ọmọ Lọ Sùn Létí Adágún?

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú gbogbo wa. Houston la wà, ọmọ mẹ́ta la ní, àgbà wọn pé ọdún 11, àbíkẹ́yìn ò tíì pé 6. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn níléèwé ti lọ camping, látìgbà yẹn ni wọn ò ti jẹ́ ká sinmi, wọ́n láwọn náà fẹ́ lọ sùn nínú téǹtì ní Huntsville State Park. Dádì wọn ní òun ò lọ. Wọ́n ní oko ni wọ́n ti tọ́ àwọn dàgbà, àwọn ti sùn lábà, ẹ̀fọn ti jẹ àwọn tó, àwọn ò lè wá fowó ra irú ìyà yẹn ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún gbọ́ pé ọ̀nì wà nínú omi ibẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà o, àmọ́ àánú àwọn ọmọ yẹn ń ṣe mí. Kí ni ká ṣe?*
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Houston*

Ìyá wa, ẹ bá mi kí dádì wọn dáadáa, mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ abà rárá. Ẹni tó bá ti sùn lábà torí pé dandan ni, tílẹ̀ bá mọ́ kó tún gbé ọkọ́, kò ní fojú eré wo kéèyàn máa sùn nílẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn làwọn ọmọ wọn ò mọ̀, kò dẹ̀ sẹ́lòmíì tó máa kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń to igi kí iná tó ràn, pé téèyàn bá gbọ́ tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké dákẹ́ lójijì nǹkan kan ló ń kọjá létí omi yẹn, olùkọ́ wo ló máa kọ́ wọn nìyẹn?

Ibi tí wọ́n mú yẹn dáa. Etí òpópónà márosẹ̀ Interstate 45 ló wà, láti àárín Houston kò ju bíi wákàtí kan àti díẹ̀ lọ tí gosìlóò ò bá mú yín, igi páìnì ló yí adágún náà ká, igi tó ga tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, ewé ẹ̀ tó ti gbẹ bo gbogbo ilẹ̀ bí ẹní. Lake Raven ni wọ́n ń pe adágún yẹn, éékà 210 ni. Raven ni ẹyẹ ìwò, orúkọ tí àwọn Cherokee, ìyà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, fún Sam Houston tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ìlú Houston nìyẹn, nígbà tó ń gbé láàárín wọn. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara tí mo bá débẹ̀: àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ni ìjọba gbà sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ CCC (Civilian Conservation Corps, ètò tí ìjọba fi ń fún àwọn tí ò níṣẹ́ níṣẹ́) tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1937, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ páàkì ní Texas ni wọn ò ti fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú. Ìkún omi ba ìdídò ẹ̀ jẹ́ ní 1940, ó di 1956 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ sọ ìtàn yẹn fáwọn ọmọ nínú mọ́tò kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tó la ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Ó wá ku ọ̀nì. Ọ̀nì wà níbẹ̀ lóòótọ́, alligator ni wọ́n ń pè é níbí, kì í kàn ń lé èèyàn kiri, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí yín ó kéré tán, tó bá fi lè ṣe họ̀ọ̀ sí yín ẹ ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, ẹ fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ju oúnjẹ sí i, òfin Texas dè é, torí èyí tí wọ́n bá ti ń bọ́ máa ń rò pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn tó bá rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ ẹja tàbí da eegun ẹran sétí omi. Ibi tí páàkì là sílẹ̀ pé ká ti máa wẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti wẹ̀, nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo ọmọ jáde.

Ṣùgbọ́n ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi, kì í ṣe ọ̀nì lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Omi gan-an ni. Kò sí lifeguard kankan tó jókòó síbẹ̀ tó ń wo ọmọ ẹnikẹ́ni, ọmọ tó mọ omi wẹ̀ nínú pool tí wọ́n fi táìsì ṣe, tó ń rí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nísàlẹ̀, omi adágún máa dà á lójú rú, torí omi yẹn dúdú díẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ sì lè jìn lójijì. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù o. Ẹnu ẹ̀ ti wà nínú omi, kò ráyè pariwo, á kàn dákẹ́ ni. Àwa dẹ̀ rèé, tá a bá jáde bí ìdílé mẹ́rin, àwọn màmá wà nídìí oúnjẹ, àwọn dádì ń sọ̀rọ̀ òṣèlú, olúkúlùkù ti rò pé ẹnì kejì òun ló ń wo àwọn ọmọ. Ohun tá à ń ṣe níléè wa ni pé fìlà pupa kan wà, ẹni tó bá dé e, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó wo omi lọ, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù, kò gbọ́dọ̀ jẹun, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 á bọ́ ọ fún ẹlòmíì, tó bá fẹ́ lọ tọ̀ pàápàá á kọ́kọ́ bọ́ ọ fún ẹnì kan. Kẹ́ ẹ dẹ̀ ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu, kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí yẹn. Nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, òfin ni pé ọmọ tí ò tíì pé 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ téǹtì ò le. Ẹ gbà á sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ ta á sẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e dúró kó tó di pé ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú igbó. Ìgbà àkọ́kọ́ témi lọ, ibi tó tẹ́jú tó rọ̀ nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ta tiwa sí torí pé ó wù mí lójú, nígbà tó di bí aago méjì òru òjò dé, mo kàn rí i pé tìmùtìmù tí mo gbórí lé ti tutù, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì báyìí bàtà ọmọ mi ti ń léfòó. Ibi tó ga díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá. Kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ náà dáadáa pẹ̀lú, èèrà pupa ibẹ̀ ń jó bí iná, tílẹ̀ bá mọ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọn bàtà ẹ̀ kó tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ sùn níta, inú mọ́tò ni kí kúlà wà mọ́jú, ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní raccoon mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Kẹ́ ẹ má lọ nínú July o! Ooru yẹn máa jẹ́ kí dádì wọn jàre yín. October sí April ló dáa. Oṣù márùn-ún ṣáájú ni wọ́n ti ń gbà ká búùkù, àwọn wíkẹ́ńdì dẹ̀ máa ń tètè kún.

*Ẹ káàsán mà. Màmá mi ti Ìbàdàn dé, wọ́n lé ní 70, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n láwọn ò ní dá dúró sílé tá a bá ń lọ. Ṣé kò ní pa wọ́n lára?*
*Ọmọ Màmá, Katy*

Ẹ mú wọn lọ jàre. Ẹ má búùkù ilẹ̀ téǹtì, ẹ búùkù ohun tí wọ́n ń pè ní screened shelter, ó nílé, ó lórùlé, nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ẹ̀, iná wà níbẹ̀. Kò sí bẹ́ẹ̀dì o, torí náà ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì àgbéká tó ga nílẹ̀ dání kí wọ́n lè dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ẹ wo máàpù kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ mú èyí tó sún mọ́ ilé ìyàgbẹ́, torí àgbàlagbà á jí lóru. Oògùn wọn, ìbora méjì, ṣẹ́tà, tọ́ọ̀ṣì tiwọn lọ́tọ̀.

*Àǹtí wa, ìdílé méje la fẹ́ jọ lọ, a fẹ́ se jọ̀lọ́ọ̀fù onígi, ká gbé spíkà dání. Ṣé wọ́n ń gbà?*
*Àwọn ará Pearland*

Jọ̀lọ́ọ̀fù onígi, wọ́n gbà, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣa igi nínú igbó ibẹ̀, ríra ni, kẹ́ ẹ dẹ̀ béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ bóyá wọ́n fòfin de iná torí ọ̀dá, tó bá rí bẹ́ẹ̀ sítóòfù gáàsì lẹ máa lò. Èèyàn 8 ni sàìtì kan ń gbà, torí náà ẹ máa gba bíi mẹ́ta mẹ́rin tó wà nítòsí ara wọn. Láti aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀ ariwo ò sí, àní lọ́sàn-án pàápàá ohùn spíkà ò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín. Ọtí ní gbangba, wọn ò gbà á. Ẹ fi spíkà sílé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé ìwọ̀ ẹja dání dípò ẹ̀, létí omi inú páàkì wọn kì í bi yín ní láísẹ́ńsì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bàbá tó bá dàgbà jù nínú yín pàlọ́ fáwọn ọmọ nídìí iná, kí àwọn ọmọ máa gbe orin ẹ̀.