Kàtúùnù Kì í Ṣe Àgúnmu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 6. Wọ́n ń pè é ní "dúdú bí ìdí ìkòkò" níléèwé, ó sì ti ń da àtíkè bo ojú kó tó jáde láàárọ̀. Obìnrin kan ta fláàṣì kan fún mi ní ₦15,000. Ó ní kàtúùnù 40 ló wà nínú rẹ̀, pé ohùn kan wà lábẹ́ orin wọn tí etí ò gbọ́ ṣùgbọ́n tí ọpọlọ ń gbọ́: "mo rẹwà, mo rẹwà." Kí n máa tàn án sí i létí tó bá ti sùn, fún ọjọ́ 21. Ọjọ́ 17 rèé, mi ò rí ìyàtọ̀. Ṣé kí n fi kún un ni, àbí kàtúùnù mìíràn wà tó lágbára jù ú lọ? (Ìyá ọmọ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ yọ fláàṣì náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn.

Ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́kọ́. Èèyàn mẹ́rin ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí lọ́dún yìí. Ti ẹnìkan jẹ́ fíìmù fún ọmọ tó ń kólòlò, ti ẹlòmíràn jẹ́ fún ọmọ tó jẹ́ àfín. Ọ̀rọ̀ ohùn tí etí ò gbọ́ yìí ti gbó. Ní 1957, James Vicary, oníṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Amẹ́ríkà, pariwo pé òun fi ọ̀rọ̀ tí ojú ò lè rí sáàárín fíìmù ní ilé sinimá, àti pé ìyẹn ló mú kí àwọn òǹwòran máa ra gúgúrú àti Coca-Cola ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn. Nígbà tó di 1962, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọgbọ́n àtitajà lásán ni. Ẹni tó ta fláàṣì fún yín kò tíì jẹ́wọ́ tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n fláàṣì kọ́ ló dùn mí jù. Ìbéèrè yín yẹn ni: "èwo ló lágbára jù?" Ẹ ti sọ kàtúùnù di àgúnmu, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, kí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Ọmọ ọdún 6 lè wo fíìmù tó dára jù láyé, kó má rí ohun tí ẹ̀yin àgbà rí nínú rẹ̀ rárá.

Ní 2008, Marie-Louise Mares ti Yunifásítì Wisconsin àti Emily Acosta gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi kàtúùnù Clifford, ajá pupa ńlá yẹn, han àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà nínú ìtàn náà. Àgbà tó bá wò ó mọ ibi tó ń lọ: má ya ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ní ohun tí àwọn kọ́ ni pé kéèyàn máa ṣe dáadáa sí ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ajá o! Wọn ò gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Èmi náà ti rí i. Mo máa ń lo The Present, fíìmù nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tí Jacob Frey fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní iléèwé fíìmù ní Ludwigsburg, ní Jámánì, ní 2014. Ọmọkùnrin kan jókòó ti géèmù, ìyá rẹ̀ gbé ọmọ ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gé wá fún un, ó jù ú sọnù. Ìgbẹ̀yìn la tó rí i pé ọmọ náà gan-an kò ní ẹsẹ̀ kan. Mo fi han ọmọ ọdún méje kan tó ń fi igi rìn. Ìyá rẹ̀ ń nu ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bi ọmọ pé kí ló rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bọ́ọ̀lù pupa." Bọ́ọ̀lù tí ajá yẹn ń lé kiri ló ń wí. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá kó tó mẹ́nu ba ẹsẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn náà, níbi tí a ti jọ ń yí bọ́ọ̀lù sí ara wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ dandan kí n dárúkọ ọ̀kan fún yín, Hair Love ni. Matthew A. Cherry ló ni èrò rẹ̀. Ó tọrọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2017, fíìmù jáde ní 2019, ó gba Oscar ní Fẹ́búárì 2020. Kò ju ìṣẹ́jú méje lọ. Bàbá kan fẹ́ tún irun Zuri ọmọ rẹ̀ ṣe, irun ń bá a ja ẹ̀ṣẹ́. Bàbá yìí ò wàásù kankan, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ bá ìyá ní ọsibítù, irun rẹ̀ ti re tán. Àwòrán tí Zuri yà fún un, ìyá náà ló wà níbẹ̀ tòun ti orí kodoro, adé lórí. Ẹ bá a wò ó lẹ́ẹ̀kan, lọ́sàn-án, kí ẹ panu mọ́. Tó bá parí, ẹ bi í pé kí ló rí. Ẹ má bi í pé "ṣé o rí i pé ìwọ náà rẹwà?" Ìdáhùn tẹ́ ẹ fẹ́ ló máa fún yín.

Ẹ má bínú, èmi náà ní ìbéèrè. Tí ọmọ ẹbí tó pupa bá wọlé, ta ló ń sọ pé "òyìnbó mi dé"? Ìpara wo ló wà lórí tábìlì yín? Tó bá jẹ́ ti ìbóra, ẹ gbé e kúrò níwájú ọmọ, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lára yín: mercury tó wà nínú àwọn mìíràn ń ba kíndìnrín jẹ́. A ní "Adúmáadán" lẹ́nu, ẹ̀ ń wá ohùn abẹ́ orin. Ẹ fi pè é tẹ́ ẹ bá ń fi òrí pa á lára, kó gbọ́ ọ ketekete.

Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ẹ má lọ bá ọmọ tó bú u. Àtíkè yẹn, ẹ má já a gbà.

Mi ò rí ọmọ yín o, ohun tẹ́ ẹ kọ nìkan ni mo kà, ẹ má fi èyí rọ́pò dókítà. Tó bá ń fi kànìnkànìn ha ara títí tó fi ń bó, tí kò jẹun mọ́, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti fláàṣì, ẹ nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ kó fọ́tò ọmọ náà sí i.