Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Jọ́ọ̀gì Aláwọ̀ Méjì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi gbé jọ́ọ̀gì dígí kan wá fún mi láti Amẹ́ríkà, ó ní Amberina ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ oyin ni ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sókè ló ń pupa títí dé ẹnu. Ojú ribiti kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀, ó jìn díẹ̀, ó sì ń dán. Aládùúgbò mi tó ń ta àwo ní ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, àti pé ibi tó fọ́ tí wọ́n tún ṣe ni ojú ribiti náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
— Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá o, Ìyá wa, kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ tí ẹ bá tún rì bọ inú aró máa ń dú ju èyí tí ẹ rì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Iná ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára jọ́ọ̀gì yín. Joseph Locke ló gba àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n yìí ní 1883, nígbà tó wà ní New England Glass Company ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wúrà díẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ mọ́ dígí náà. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ tán, àwọ̀ oyin ni gbogbo rẹ̀ ń ní, àfi ìgbà tí wọ́n bá tún na apá òkè rẹ̀ sí ẹnu iná ààrò ni ibẹ̀ yóò di pupa. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí ojú ìlà kankan níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé.

Ní ti ojú ribiti yẹn, ta ló lè fi ọwọ́ lásán di dígí tó gbóná bí ẹyin iná mú? Ọ̀pá irin oníhò ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lẹ ọ̀pá mìíràn mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á gé e kúrò lára ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lè tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Àpá ṣákaṣàka ni ọ̀pá kejì ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá kán an kúrò. Lára ìgò lásán, wọ́n lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; lára ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n a máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán, ohun tí ẹ rí sì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá iye owó gọbọi lé e, nítorí àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, àpá ìdí nìkan kò sì lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má sì bu omi tó ń hó sí i.