"A dúpẹ́" yẹn ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ẹ

Àbúrò mi, o ní oṣù márùn-ún lo ti dé Manchester, pé ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìwọ àtàwọn èèyàn ò kọjá ìkíni. Ó ṣe èmi náà rí. 2019 ni mo dé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, alẹ́ ni wọ́n máa ń fún mi, àárọ̀ tí gbogbo ayé ń jáde lèmi ń wọlé. Tó bá di December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tí ilẹ̀ ti ṣú, kí n tó jí oòrùn ti lọ. Wọ́n wá ti gbogbo ìlú pa ní March 2020, ṣọ́ọ̀ṣì náà di orí fóònù. Màmá mi á pè láti Ìjẹ̀bú, "Ṣé àlàáfíà ni?" A dúpẹ́, mà. "Ṣé kò sí nǹkan?" Kò sí, mà. Mo máa gbé fóònù sílẹ̀, máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, máa wo ògiri. Gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún pé a dúpẹ́, kò wá sẹ́ni tó mọ̀ pé mi ò jẹun mọ́.

Mo lọ rí dókítà, ó gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè 9 tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún mi, kí n máa fún ara mi ní máàkì, òdo sí 3, ó ròó pọ̀, ó ní kí n máa retí ìpè. Kò bi mí pé ta ni mò ń bá gbé! Dókítà ìjọba Britain tó yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní 2018 nìyẹn o. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n tó ò bá rí oorun sùn, ṣáà lọ rí dókítà.

Ìyá Ìjẹ̀ṣà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí lo jẹ lálẹ́ àná?" Ìyẹn ò ṣeé fi a dúpẹ́ dáhùn. Mo fẹ́ parọ́, ẹkún ló jáde. Nígbà tá a tún pàdé, ó gbé ẹ̀fọ́ rírò wá nínú ike ice cream.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kó o máa bi èèyàn, kó o sì rántí èsì, tó bá ní ọmọ òun ń ṣèdánwò Thursday, Friday kó o béèrè bó ṣe lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ẹ lo máa tú inú fún o, mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú mi fún ẹnì kan, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo WhatsApp wa fi gbọ́. Ẹni tó bá sì fi àjọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, rọra.

Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ lo tiẹ̀ béèrè. "You alright?" tiwọn náà, ìkíni lásán ni. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú, mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nígbà tó wà lọ́jọ́ orí mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilé iṣẹ́ òwú tó wà ní Oldham, ó sọ ọ́ títí tíì tó wà lọ́wọ́ mi fi tutù. Láti ọjọ́ náà kò pè mí ní "love" mọ́, ó kọ́ orúkọ mi títí ẹnu rẹ̀ fi gbà á.