Kí ègé kéènì lè dọ́gba

Ohun tí ẹ béèrè ni pé: ẹ ń gé kéènì polymer clay (ọ̀pá tí a fi amọ̀ àtọwọ́dá tí a máa ń yan ṣe, tí àwòrán kan náà wà nínú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì) fún ìlẹ̀kẹ̀, apá kan ègé nípọn, apá kejì fẹ́lẹ́, òdòdó inú rẹ̀ sì ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣé kí ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Àrùn méjì ni ẹ kà pọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ò sì lè wo ju ọ̀kan lọ.

Ègé tó nípọn lápá kan, abẹ ló fà á. Abẹ gígùn tí a ń lò fẹ́lẹ́, ó sì máa ń tẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá fi díẹ̀ wúwo ju tòsì lọ, abẹ á ti yà kó tó dé ìdí kéènì. Ẹ̀rọ lè mú un dúró ṣánṣán. Òdòdó tó ń wọ́ ní tiẹ̀, clay ló rọ̀ jù. Fíríìjì ló ń wo ìyẹn.

Bí ẹ bá fa kéènì gùn tán, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì, torí ó ti gba ooru ọwọ́. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ìrì má baà sẹ̀ sí i lára, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 bí ìdábùú rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò: àpá èékánná gbọ́dọ̀ hàn, kò gbọdọ̀ jìn. Bí etí ègé àkọ́kọ́ bá ń rún, ó tutù jù nìyẹn. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹ̀rọ náà kò le ṣe, kápẹ́ńtà lè bá yín ṣe é. Lórí pákó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ lẹ igi méjì kí wọ́n pàdé bíi lẹ́tà V, kí igun rẹ̀ jẹ́ dígíìrì 90. Kéènì róbótó ò ní yí níbẹ̀, onígun mẹ́rin náà á sì jókòó dáadáa. Ẹ gbé igi kékeré méjì dúró ní ẹnu V, ìyẹn ìpẹ̀kun tí orí kéènì ti ń yọ jáde, lọ́tùn-ún àti lósì, kí abẹ máa gba àlàfo àárín wọn àti ẹnu V sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ, ẹ ki abẹ pẹ̀lú bébà kan ṣoṣo sínú àlàfo náà. Bí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ á tún máa yà.

Ní iwájú abẹ ni pátákó ìdènà wà, èyí tí orí kéènì máa kàn, tí bóòtù M6 (bóòtù tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6) ń tì láti ẹ̀yìn. M6 ni kí ẹ rà, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, torí bó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, mìlímítà 1 gééré ló rìn. M8 kò rí bẹ́ẹ̀, 1.25 ni tiẹ̀, ìṣirò á sì dà rú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ dè é títí pátákó á fi kan abẹ, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí orí bóòtù, kí ẹ wá tú u: ìyípo kan fún ègé tí ẹ fẹ́ fi bo ìlẹ̀kẹ̀, mẹ́ta fún èyí tó máa dá dúró. Ẹ lẹ bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì mọ́ ojú pátákó, kí ègé má lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi ike líle ṣe é. Clay tí a kò tíì yan máa ń jẹ irú ike kan.

Ẹ gé orí kéènì tí àwòrán rẹ̀ ti bàjẹ́ kúrò, ẹ tì í kó ṣáà kan pátákó. Bí ẹ bá tì í líle, orí rẹ̀ á wú. Ẹ tẹ abẹ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fà á bí ayùn. Lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ yí kéènì ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ibi tí abẹ ń tẹ̀ má jẹ́ ojú kan náà. Ẹ fi sípíríìtì nu abẹ léraléra, pàápàá bí dúdú àti funfun bá jọ wà nínú kéènì.

Láti dán ẹ̀rọ wò, ẹ gé ègé 10 ní ìyípo kan, láìyí kéènì rárá, ẹ tò wọ́n léra bí wọ́n ṣe jáde, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 10 ló yẹ kó jẹ́. Bí òkìtì náà bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, igi tó ń darí abẹ kò dúró ṣánṣán. Ẹ tú u, kí ẹ tún un lẹ̀.