Ìkarahun tó jọ fàdákà: ìmọ̀ kan ni àbí méjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, a ń kọ́ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Íńdíà. Tí wọ́n bá ti ní kí n fi ìyàtọ̀ hàn láàrin anyathakhyati àti akhyati, èrò méjì nípa bí ènìyàn ṣe ń ṣi nǹkan mú, nǹkan kan náà ni mo máa ń kọ sábẹ́ méjèèjì: ẹnì kan rí ìkarahun, ó rántí fàdákà, ó ṣì í mú. Olùkọ́ wa a sì fi bírò pupa fà á. Kí ló kù tí mi ò rí?

Ìdáhùn: Ibi tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò ni ẹ ń kọ, ẹ ò tíì dé ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin kan ń lọ létí òkun. Inú ìkarahun kan dojú kọ oòrùn, ó ń kọ mànà. Ó ní, “Fàdákà rèé!” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó yí i padà, ó rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí págunpàgun. “Háà, kì í ṣe fàdákà.”

Prabhakara, onímọ̀ Mimamsa (ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì tó ń túmọ̀ Veda, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù) ní nǹkan bí ọdún 600 sí 700, ló ni akhyati: ó ní ìmọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. “Èyí”: ojú ló rí i, òótọ́ ni. “Fàdákà”: ìrántí ló gbé e wá, òun náà kì í ṣe irọ́, torí ọkùnrin náà ti rí fàdákà rí. Àmọ́ àmì “èyí tí mo rí níjọ́sí” ti bọ́ lára ìrántí náà. Smritipramosha ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé olè jí nǹkan lára ìrántí. Ọkùnrin náà kò wá rí ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. “A” tó ṣáájú akhyati dà bí “àì” tiwa: àìrí ni, kì í ṣe ìṣìrí. Veda ni Prabhakara ń gbèjà. Tí ìmọ̀ bá lè parọ́ fún wa, a óò máa wá ẹlẹ́rìí fún gbogbo ìmọ̀, títí kan èyí tí Veda fún wa.

Àwọn Nyaya, ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì tó dá lórí ọgbọ́n ìrònú, ló ni anyathakhyati: wọ́n ní rárá, ìmọ̀ kan ṣoṣo ni, irọ́ sì ni. Fàdákà wà lóòótọ́, àmọ́ ibòmíràn ló wà; ìrántí ló so ojú pọ̀ mọ́ ọn.

Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ṣé àìrí ìyàtọ̀ nìkan lè mú ènìyàn nawọ́? Ẹni tó sùn náà kò rí ìyàtọ̀, kò sì nawọ́ sí nǹkan kan. Tó bá wá ní “kì í ṣe fàdákà”, kí ló ń sẹ́, bí kò bá tíì so “èyí” mọ́ “fàdákà” tẹ́lẹ̀? Ní tèmi, ibí ni Nyaya ti borí. Àwa náà a máa ní “mo ṣe bí fàdákà ni”: mo ti gbà á gbọ́ kí n tó mọ̀ pé mo ṣìnà.

Nínú ìdánwò, ẹ kọ iye ìmọ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ tó mẹ́nu kan ìrántí rárá. Ẹ má sì kọ “Mimamsa” lásán: Kumarila náà ọmọ Mimamsa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bá Nyaya ló dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí.