Ẹ má tíì kọ́ Java kún un

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n má baà ṣì yín gbọ́. Ẹ ní ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ẹ ti ń kọ kóòdù fún àwọn ilé-iṣẹ́, pé ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀, pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kí ẹ lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní kọ̀ǹpútà. Oṣù márùn-ún ló kù kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ wá ń béèrè ni bóyá kí ẹ fi oṣù márùn-ún yẹn kọ́ èdè kóòdù méjì, Java àti C++, kún Python tí ẹ ti mọ̀, kí ọmọ kankan má baà bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀.

Rárá ni èsì tèmi. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí gan-an ni mo gbà, díẹ̀ ló sì kù kó lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ náà kí ẹsẹ̀ mi tó rinlẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ kóòdù kí n tó wọ kíláàsì. Nínú gbogbo àwa tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà jù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. Variable, ìyẹn orúkọ tí a fi ń tọ́jú nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Mo kọ èyí sójú bọ́ọ̀dù:

x = 5
x = x + 1

Mo ní, "Ó rọrùn, àbí?" Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní irọ́ ni. Ó ní olùkọ́ ìṣirò àwọn ti sọ pé àmì yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀tún àti òsì dọ́gba; báwo ni nǹkan ṣe máa wá bá ara rẹ̀ dọ́gba lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ení kún un? Ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní, "Ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀," mo sì ń bá tèmi lọ. Mo sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yẹn ò fi nawọ́ mọ́.

Olùkọ́ àgbà tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a jáde, kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó na bébà pélébé kan sí mi, gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀: "Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì lónìí." Inú bí mi títí mo fi délé. Ìgbà tó di òru ni mo tó rí i pé ọmọ yẹn ló jàre, èmi ni mo jẹ̀bi. Àmì kan náà ni, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. (Ní Pascal, èdè kóòdù tí Niklaus Wirth gbé jáde ní 1970, := ni wọ́n ń kọ, kó má baà papọ̀ mọ́ ìdọ́gba. Python, Java àti C kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀.) Láti ìgbà yẹn, n kì í pe àmì náà ní "dọ́gba" nínú kíláàsì mọ́. "Gbà" ni mò ń pè é: x gba márùn-ún, x wá gba ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ení lórí rẹ̀. Ọ̀tún la kọ́kọ́ ń ṣírò, ká tó gbé èsì rẹ̀ sí òsì.

Ohun tó ń ṣe àwa tí a ti pẹ́ nídìí kóòdù ni pé a ti gbàgbé bó ṣe rí kí a tó mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ wa ń fo ìṣísẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì mọ̀ pé a fò ó. Tí ẹ bá fi Java àti C++ kún un, ńṣe lẹ máa jìnnà sí ọmọ náà sí i.

Ohun tó gbà mí là ni ìwé kékeré kan tí mo rà, tí mo ń kọ àṣìṣe àwọn ọmọ sí. Mi ò kọ ẹni tó ṣe é. Ohun tí ọmọ náà rò ni mò ń kọ. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní mẹ́ta níbẹ̀.

Wọ́n kọ ètò tó ń ro nọ́ńbà méjì pọ̀:

a = input()
b = input()
print(a + b)

Ọmọkùnrin kan tẹ 5, ó tẹ 3, 53 ló jáde. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ti bàjẹ́. Ó dìde, ó lọ sídìí òmíràn, ó tún rí 53, ó wá yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ba méjèèjì jẹ́. Ẹ̀yin mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: láti ìgbà tí Python 3 ti dé ní 2008, ọ̀rọ̀ lásán ni input (àṣẹ tó ń gba ohun tí a bá tẹ̀) máa ń dá padà, kì í ṣe nọ́ńbà, ó dìgbà tí a bá fi int yí i padà. Ká ní ọdún àkọ́kọ́ mi ni, màá ti sọ ìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí gbogbo kíláàsì sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ kan ní, "Ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni, kò rò wọ́n." Gbólóhùn yẹn dára ju gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe rí lọ, mo sì ń lò ó di òní.

Èkejì: ọmọ kan fún variable rẹ̀ ní orúkọ tóbijù, ó wá ń retí kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa kó nọ́ńbà tó tóbi jù síbẹ̀. Ṣebí orúkọ rẹ̀ nìyẹn! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Roy Pea, olùṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́, kọ̀wé lórí irú èyí ní 1986. Ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìṣètò kọ̀ǹpútà máa ń hùwà bí ẹni pé ọkàn kan fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà, tó mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ìdajì ìwé àṣìṣe mi yé mi lójijì.

Ẹ̀kẹta ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ a = 5, lẹ́yìn náà b = a, lẹ́yìn náà a = 9. Kí ni b? Nínú kíláàsì ọgbọ̀n ọmọ, mo rí ọwọ́ bíi mẹ́rìnlá tó ní 9. Wọ́n rò pé b ti so mọ́ a títí láé, bẹ́ẹ̀ 5 ló ṣì wà nínú b. Mo gbé àpótí bébà méjì wá, mo ń ki bébà tí mo kọ nọ́ńbà sí bọ inú wọn, ó sì yé ọ̀pọ̀. Àmọ́ àpótí náà tún dá ọ̀ràn tirẹ̀ sílẹ̀: lọ́sẹ̀ kejì, àwọn kan ní 5 ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí a lábẹ́ 9, torí pé àpótí a máa gba ju nǹkan kan lọ. Kò sí àfiwé tí kì í jò níbì kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kó mọ ibi tó ti ń jò.

Ọ̀nà tí mo fi ń ṣètò iṣẹ́ náà yí padà pátápátá nígbà tí mo gbọ́ nípa PRIMM, ọ̀nà ìkọ́ni kan tí Sue Sentance àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wo kóòdù tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣe. Kí wọ́n mú un ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tú u wò. Kí wọ́n yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó dá tiwọn ṣe. Èmi tẹ́lẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà tó ṣófo ni mò ń fún wọn, tí mo ń ní kí wọ́n kọ ètò. Ẹni tí kò tíì ka lẹ́tà kan rí ni mò ń ní kó kọ lẹ́tà. Èyí tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni irú ìbéèrè tí Dale Parsons àti Patricia Haden gbé jáde ní 2006: ẹ fọ́n ìlà kóòdù tó pé ká, kí ọmọ náà tò ó bó ṣe yẹ. Kò sí pé ẹnì kan gbàgbé àmì kólọ́ọ̀nù, kò sí pé ẹnì kan ń wá bọ́tìnì àkámọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìrònú nìkan ló kù.

Nípa ẹ̀rù tí ẹ sọ pé ó ń bà yín, pé ọmọ máa bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀: ó máa ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣíwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo fojú kéré rẹ̀, kí n má purọ́. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé kíláàsì tirẹ̀ ni wọ́n ń rán wa lọ wò. Tí kóòdù rẹ̀ bá kọṣẹ́ lójú bọ́ọ̀dù, á ní, "Hẹn-ẹ́n, kí ló dé? Ẹ bá mi wò ó." Á ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ jáde sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn ọmọ á sì rí bí àgbàlagbà ṣe ń wá àṣìṣe. Tèmi kì í kọṣẹ́ rárá. Mo ti dán an wò nílé. Wọn ò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ má kàwé kankan. Àwa tí a ń kọ kóòdù ní àlàfo tí a kì í fura sí. Ẹ bi ara yín: ìgbà wo lẹ fọwọ́ yí nọ́ńbà sí hexadecimal (òǹkà onímẹ́rìndínlógún) gbẹ̀yìn láìlo ẹ̀rọ? Ṣé ẹ lè ya logic gate (ẹ̀yà kékeré tó ń fi òdo àti ení ṣe ìpinnu), kí ẹ kọ tábìlì rẹ̀? Ṣé ẹ lè ṣe merge sort (títo nǹkan nípa pípín in sí méjì méjì, kí a tó pa á pọ̀) lórí bébà lójú ọgbọ̀n ọmọ láìṣìnà? Èmi ò lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ nínú ìdánwò sì nìwọ̀nyí: bí àwòrán ṣe ń di bit (òdo àti ení), bí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣe ń mú àṣẹ kan tẹ̀lé òmíràn, bí dátà ṣe ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ná oṣù kan sí nínú márùn-ún yẹn.

Ẹ sì wá CS Unplugged tí Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láìlo kọ̀ǹpútà ni. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ kú pátápátá tí alábòójútó sì ń wò mí, káàdì márùn-ún ló yọ mí: àmì kan lára ọ̀kan, 2 lára èkejì, lẹ́yìn náà 4, 8, 16. Ọmọ márùn-ún dúró níwájú, wọ́n ń ṣí káàdì wọn, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń fi àpapọ̀ àmì tó hàn ka nọ́ńbà láti òdo dé 31. Lẹ́yìn náà mo ní kí ẹnì kan mú nọ́ńbà láti 1 dé 1000 sínú, mo ní n ò ní bi ju ìbéèrè mẹ́wàá lọ kí n tó mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá ń dáhùn pé ó ga tàbí ó rẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkóníjàánu, ẹ máa gbọ́ ọ títí á fi sú yín, torí náà díẹ̀ ni màá sọ. Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn àwọn ọmọ lẹ máa ń rí, ojú wọn wà lára ẹ̀rọ. Ẹ má sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ gbogbo wọn á fi kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ mẹ́ta á gbàgbé páṣíwọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Ẹ ní iṣẹ́ orí bébà tí wọ́n á máa ṣe nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ojú bọ́ọ̀dù tóbi tó fún ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá. Èyí tó le jù fún irú wa: ẹ má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù ọmọ láéláé. Ẹ ti rí àṣìṣe náà, ìka yín ti ń yún yín. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ ní, "Ka ìlà kẹta sí mi létí."

Bí ọmọ bá gbé kóòdù tí AI kọ wá, n kì í jà. Mo ń ní kó yí nǹkan kan péré padà níbẹ̀ lójú mi. Bó bá lè ṣe é, ó mọ̀ ọ́n; bí kò bá lè ṣe é, àwa méjèèjì ti rí i.

Ẹ tún béèrè bóyá ó rẹni. Ó rẹni gan-an. Ní oṣù kẹta mo kọ lẹ́tà pé mi ò ṣe mọ́. Aago méjìlá òru ni mò ń parí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì, ojúewé méje fún kíláàsì kan, torí wọn ò fi àpẹẹrẹ kankan hàn wá. Mi ò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló fún mi ní tirẹ̀, ojúewé kan ni, ìbéèrè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo dín tèmi kù bẹ́ẹ̀, mo tún rí oorun sùn.

Ní ti oṣù mẹ́rin tó kù, ẹ wá ilé-ẹ̀kọ́ tó máa gbà yín láàyè fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ jókòó sẹ́yìn láìsọ nǹkan kan, kí ẹ máa kọ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ síra wọn. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀; òun lẹ máa lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọmọ ọdún méjìlá kan tí kò kọ kóòdù rí, kí ẹ kọ́ ọ ní loop (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe léraléra) láàárín ìdajì wákàtí láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀.

Bí ẹ ò bá tíì rí ọmọ náà, ẹ fi mí ṣe é. Ẹ kọ ètò ìlà mẹ́wàá kan síbí, kí ẹ ṣàlàyé ìlà kẹrin fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Màá sọ ibi tí mo ti sọnù fún yín.